Ṣòkòtò Bàbá Élodie Kò Gbà Á Mọ́

Ìsọ̀ Rachidou aránṣọ wà ní Djègan-Kpèvi, ní Porto-Novo, lábẹ́ páànù kan tó ń jò lápá kan. Ibẹ̀ ni àwa ará àdúgbò ti máa ń gbọ́ ìròyìn ìlú kí rédíò tó sọ ọ́, nítorí Bàbá Élodie kì í jẹ́ kí rédíò ráyè sọ̀rọ̀. Olùkọ́ tó fẹ̀yìn tì ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni bàbá yìí. Kò sí ohun tí kò mọ̀, àfi ìgbà tó yẹ kó dákẹ́. Láàárọ̀ tí mò ń wí yìí, ó wọ agbádá gbàgẹ̀rẹ̀ kan tó ń gbálẹ̀, ó gbé àpò ike dání, ó sì ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tó gbé ẹyin sáàárín itan. Rachidou jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó ń fi eyín já òwú.

Rachidou: Ẹ kú àárọ̀ o, Bàbá Élodie. Ẹ jókòó, àga rè é.

Bàbá Élodie: N kò jókòó. Ẹni tó bá fẹ́ sọ òótọ́ nípa ìjọba, ìdúró ló fi ń sọ ọ́.

Rachidou: Kí ni ìjọba tún ṣe?

Bàbá Élodie: O kò gbọ́? Wọ́n ní kí tọmọdé tàgbà lọ forúkọ sílẹ̀ fún asuránsì àìsàn. Wọ́n ní àwọn fẹ́ tún ètò ìlera ṣe. Ìjọba! Kòtò tó wà lẹ́nu ọ̀nà mi, wọn ò tíì rí i tún ṣe, ikùn mi ló kù tí wọ́n fẹ́ tún ṣe!

Rachidou: Kòtò yẹn jìn lóòótọ́. Ewúrẹ́ Kafayatou kó sínú ẹ̀ lánàá.

Bàbá Élodie: Voilà! Ìwọ náà rí i. Ara èèyàn kì í ṣe títì ọlọ́dà, Rachidou. Èmi ni mo ni ara mi. Ọlọ́run ló fún mi, kò gba ọ́fíìsì kankan kọjá. Bí n bá fẹ́ dókítà, n ó wá dókítà. Bí n bá fẹ́ oògùn, n ó ra oògùn. Kí ìjọba dúró sójú títì, kó jẹ́ kí n dúró sínú ara mi.

Rachidou: Ọ̀rọ̀ yín wọlé, Bàbá. Kí ló wà nínú àpò ike yẹn?

Bàbá Élodie: (ohùn rẹ̀ wálẹ̀ lójijì) Ṣòkòtò ni. Bá mi tú u, kó fẹ̀ díẹ̀ sí i.

(Rachidou fa ṣòkòtò náà yọ. Ó nà án sójú ìmọ́lẹ̀, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.)

Rachidou: Bàbá, ṣòkòtò tí mo tú ṣáájú ààwẹ̀ nìyí.

Bàbá Élodie: Òun ni.

Rachidou: Òun náà ni mo tún tú lẹ́yìn Iléyá.

Bàbá Élodie: Òun náà ni. Ṣé o fẹ́ kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ ni?

Rachidou: Ẹ má bínú o. Ìbàdí ni kí n tú?

Bàbá Élodie: Ìbàdí dára.

Rachidou: Ẹsẹ̀ ńkọ́?

Bàbá Élodie: Ẹsẹ̀ dára gan-an. Ọwọ́ ẹ mọ́.

Rachidou: Ibo wá ló ń fún yín?

Bàbá Élodie: (ó wo títì lápá ọ̀tún, ó wò ó lápá òsì) Àárín.

Rachidou: Àárín ẹ̀yìn?

Bàbá Élodie: Àárín iwájú.

Rachidou: Ẹ̀n-ẹ́n. Àárín iwájú, káàkiri ẹ̀ ni àbí...

Bàbá Élodie: Apá ọ̀tún! Ó tó. Èmi kò wá ṣe ìdánwò níbí.

(Rachidou gbé ṣòkòtò náà sórí itan, ó fi àtàǹpàkò ṣí ojú ibi tó ti rán tẹ́lẹ̀. Kò sí aṣọ kankan nínú ibẹ̀ mọ́ tí èèyàn lè fà jáde. Ó mí kanlẹ̀.)

Rachidou: Bàbá Élodie, ẹ jẹ́ kí n sọ ojú abẹ níkòó.

Bàbá Élodie: Má dárúkọ abẹ létí mi!

Rachidou: Àlejò tó wà nínú ṣòkòtò yìí, nígbà tó kọ́kọ́ dé, mo rò pé ó fẹ́ sùn di ọjọ́ kejì ni. Ó jọ pé ó ti ra ilẹ̀.

Bàbá Élodie: Oúnjẹ ni. Àkàsà tí Ìyá Élodie ń fún mi ti pọ̀ jù.

Rachidou: Irú àkàsà wo ló máa ń gba ọ̀nà ikùn kọjá, táá wá yà sí apá ọ̀tún?

Bàbá Élodie: Ọ̀rọ̀ ìjọba la ń sọ!

Rachidou: Ẹ má bínú. Mo kàn ní, bí kò bá ṣe ìjọba, ta ni yóò bá yín lé àlejò yìí lọ?

Bàbá Élodie: Ìjọ mi! Ṣé o rò pé àwa ń dúró de mínísítà kankan? Bí ẹnì kan bá ṣàìsàn nínú ìjọ wa, a ó gbé igbá ọrẹ, gbogbo wa á dá sí i, wọn á gbé e lọ síbi tó dáa. Kò sí fọ́tò, kò sí tò-sórí-ìlà.

Rachidou: Áà, ìyẹn dára. Ṣé wọ́n ti gbé igbá tiyín?

Bàbá Élodie: N kò tíì sọ fún wọn.

Rachidou: Èéṣe?

Bàbá Élodie: (ó gbọn agbádá) Nítorí pé kí wọ́n tó gbé igbá, pásítọ̀ ní láti kéde ohun tí wọ́n ń gbé e fún. Lórí pẹpẹ, Rachidou! Lẹ́yìn orin, ṣáájú ìwàásù. “Ará, ẹ jẹ́ ká dìde ran Bàbá Élodie lọ́wọ́, nítorí...” Nítorí kí ni? Kí ẹgbẹ́ akọrin máa wò mí? Àwọn ìyá ìjọ ńkọ́, tí ẹnu wọn kì í mọ sí ṣọ́ọ̀ṣì?

Rachidou: Élodie ńkọ́? Ó kúkú ń ṣiṣẹ́ ní Cotonou.

Bàbá Élodie: Èèyàn á wá pe ọmọ rẹ̀ obìnrin lórí fóònù, á ní “Élodie, báwo ni iṣẹ́, ohun kan ń wú bàbá rẹ lábẹ́”?

Rachidou: Kò dùn ún gbọ́ lóòótọ́. Tó bá wá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ ìjọba ló dára jù. Wọn ò ní kéde yín.

Bàbá Élodie: Ìyẹn kò ní irọ́ nínú. Ìjọba kò tíì sọ nǹkan kan fún wa rí.

(Rachidou dìde. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ara aṣọ, ó fa káàtì kékeré kan yọ nínú àpò àyà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún bàbá náà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.)

Rachidou: Bàbá, ẹ gbà. Tèmi ti kàn. Mo fi í fún yín.

Bàbá Élodie: Kí lo fi fún mi?

Rachidou: Àìsàn mi.

Bàbá Élodie: (ó fò sẹ́yìn, ó sì kábàámọ̀ pé òun fò) Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Rachidou! Kí ni mo fi ṣe ọ́?

Rachidou: Ẹ fara balẹ̀. Ẹgbẹ́ àwa aránṣọ ti wọ asuránsì ìjọba yẹn lápapọ̀. Mo wà nínú ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kó o ni mò ń fojú sí. Gbadamassi ló kọ́kọ́ kó. Ibà ló kó, ibà gidi, wọ́n dá a dúró sílé ìwòsàn títí ó fi ń jẹun. Ó kan Habibath. Ìbejì ni òun kó, wọ́n gbé wọn jáde tọwọ́tẹsẹ̀, wọn ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ̀.

Bàbá Élodie: Ìbejì?

Rachidou: Méjì lẹ́ẹ̀kan náà! Àwọn kan tiẹ̀ kùn nípàdé, wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ló tọ́ sí èèyàn. Lẹ́yìn ẹ̀ ni Mouïnatou. Eyín ni òun kó. Eyín kan péré! Àánú ẹ̀ ṣe mí. Èmi ni mo sì jókòó ti Mouïnatou nípàdé, ẹ ò rí i pé èmi ló kàn.

Bàbá Élodie: Rachidou...

Rachidou: Ọkàn mi ò sì balẹ̀, Bàbá. Ara mi le jù! Bí mo bá jí, màá yẹ ara mi wò láti orí dé ẹsẹ̀, mi ò ní rí nǹkan kan. Mo wúkọ́, ikọ́ kọ̀. Bí ìgbà mi bá kọjá láìkó, òfò ni. Bí mo bá sì dúró dè é, ta ló mọ èyí tí wọn yóò kó lé mi lọ́wọ́? Mo wá ní bí a ti ń ṣe nínú àjọ ni màá ṣe. Ẹni tí kò sí nínú ìṣòro á yọ̀ǹda ìgbà ẹ̀ fún ẹni tí ìṣòro bá. Mo ronú títí, kò sí ẹni tí ìṣòro ẹ̀ hàn sí mi bíi tiyín. Ẹ bá mi kó o.

(Bàbá Élodie bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ọwọ́ rẹ̀ kan rọra lọ sábẹ́ agbádá, ẹ̀rín náà sì gé kúrú. Ṣùgbọ́n olùkọ́ ni olùkọ́ ń jẹ́: bí ẹni tí kò mọ nǹkan bá dúró síwájú rẹ̀, ara kò gbà á mọ́.)

Bàbá Élodie: Jókòó! Asuránsì kì í ṣe àjọ. Mú bọ́tìnì wá.

Rachidou: Irú bọ́tìnì wo?

Bàbá Élodie: Èyíkéyìí! Mú àwo wá pẹ̀lú.

(Rachidou da bọ́tìnì sórí tábìlì, ó sì gbé àwo tó fi ń jẹ ẹ̀wà lójúmọ́ kalẹ̀.)

Bàbá Élodie: Àwọn bọ́tìnì wọ̀nyí, èèyàn ni wọ́n. Gbogbo wọn ń dá díẹ̀díẹ̀ sínú àwo. Eléyìí wá ṣàìsàn.

Rachidou: Yéè! Bọ́tìnì aṣọ Alájì nìyẹn, wọ́n ń bọ̀ wá gbà á lọ́la.

Bàbá Élodie: Kò ní kú! Àwo yìí ló tọ́jú ẹ̀. Ó yé ọ?

Rachidou: Ó yé mi. Àwọn tó kù ńkọ́? Ìgbà wo ló máa kàn wọ́n?

Bàbá Élodie: Bóyá kò ní kàn wọ́n láéláé.

Rachidou: Wọ́n á dá, wọn ò ní kó?

Bàbá Élodie: Wọ́n á tún máa dúpẹ́!

Rachidou: Bàbá, nínú àjọ, ẹni tó bá dá tí kò kó, igbe ló ń ké.

Bàbá Élodie: Nínú asuránsì, ẹni tó kó ló ń ké igbe.

(Rachidou fi ìka kan ti bọ́tìnì Alájì síwájú, ó tún fà á padà.)

Rachidou: Gbadamassi ti kó ibà ẹ̀, ó ti jẹ ẹ́ tán. Bó bá wá ní òun ò dá mọ́ ńkọ́? Nínú àjọ, ẹni tó kọ́kọ́ kó ló máa ń kó lọ sílé àna.

Bàbá Élodie: Ìbéèrè tó dára! Ìdí nìyẹn tí kò fi ṣeé fi sílẹ̀ fún ìyá alájọ kan ṣoṣo ládùúgbò. Ẹni tó máa dúró lórí àwo yìí, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí apá ẹ̀ gùn, tí Gbadamassi ò lè sá fún bó lọ sí Houinmè, bó lọ sí Avrankou. Ìjọba fúnra ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ dúró síbẹ̀!

(Bàbá Élodie pàápàá gbọ́ ohun tó sọ.)

Rachidou: Ìjọba?

Bàbá Élodie: Nínú àpẹẹrẹ ni mo wí.

Rachidou: Ẹ ní kó dúró sójú títì.

Bàbá Élodie: Ó lè wà lójú títì kó máa wo àwo láti ibẹ̀. Ṣé ojú ń fọ́ ìjọba ni? Tẹ̀ síwájú.

Rachidou: Ọ̀kan ló kù tí kò yé mi. Bí bọ́tìnì kan bá gbọ́n, kó ní òun ò dá o, òun á dúró síta, ọjọ́ tí ara òun ò bá yá lòun á tó wọnú àwo ńkọ́?

Bàbá Élodie: (inú bí i) Olè ni bọ́tìnì náà! Ọ̀lẹ ni! Ó fẹ́ kórè oko tí kò bá wọn ro! Bí gbogbo wọn bá gbọ́n bẹ́ẹ̀, kí ni yóò wà nínú àwo? Afẹ́fẹ́! Dandan ni kí gbogbo wọn wọ̀ ọ́, Rachidou, èyí tí ara ẹ̀ le, èyí tí ara ẹ̀ ò le, ọmọdé, àgbà, alákọ̀wé, dandan, dandan!

(“Dandan” ìkẹyìn ni ó fi ọwọ́ gbá tábìlì. Bọ́tìnì fọ́n ká. Rachidou rọra ṣà wọ́n padà sínú àwo. Ó ku ọ̀kan létí tábìlì, bọ́tìnì kóòtù kan tó tóbi rọ̀gọ̀dọ̀. Kò fọwọ́ kàn án.)

Bàbá Élodie: Ó ku ọ̀kan níta.

Rachidou: Mo rí i.

Bàbá Élodie: Ta nìyẹn?

Rachidou: Ẹ̀yin ni.

Bàbá Élodie: Kí ló dé tó tóbi tó bẹ́ẹ̀?

Rachidou: Apá ọ̀tún ni.

(Bàbá Élodie fẹ́ fèsì. Ó la ẹnu. Ohun tó jáde kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ó ká kò, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí tábìlì mú, òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Rachidou sáré dì í lápá mú, ó gbé e jókòó pẹ̀lẹ́ sórí àga tó ti ń kọ̀ láti àárọ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí èémí bàbá náà tó dọ́gba.)

Rachidou: Lá ìláà! Bàbá! Ó ti lọ?

Bàbá Élodie: Ó ń lọ. Ó máa ń lọ.

Rachidou: Ó máa ń lọ? Kì í ṣe àkọ́kọ́ nìyí?

Bàbá Élodie: Fún mi lómi.

(Ó fún un lómi. Ojú Rachidou kò rẹ́rìn-ín mọ́.)

Rachidou: Bàbá Élodie, ẹ̀rù ń bà mí. Charif, ọkọ àbúrò mi ní Avrankou, irú ẹ̀ ló ṣe é. Èmi ni mo ń tú ṣòkòtò ẹ̀. Bí mo bá ń tú u, a ó máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́, a ó jọ rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ ọjà kan, ìfun tó wà nínú ìpá náà lọ́ mọ́ra. Wọ́n gbé e sẹ́yìn alùpùpù zẹ́mìjàn pé kí wọ́n máa bọ̀ ní Porto-Novo níbí. Kò débí.

Bàbá Élodie: Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ ire.

Rachidou: Àmín. Mi ò ní tú ṣòkòtò yín.

Bàbá Élodie: Rachidou!

Rachidou: Mi ò tú u. Ẹ bínú bó ṣe wù yín. Bí asuránsì ò bá ṣeé yọ̀ǹda bí àjọ, ẹ lọ forúkọ tiyín sílẹ̀. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi bọ́tìnì ṣàlàyé ẹ̀ fún mi, ó yé mi, kò lè má yé ẹ̀yin. Kí lẹ̀ ń sá fún? Ẹ má fi ìtìjú kárùn.

(Bàbá Élodie wo ilẹ̀. Ó wo páànù tó ń jò. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré bíi ti ọmọ tí kò mú iṣẹ́ àṣetiléwá wá.)

Bàbá Élodie: Ṣé o mọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn ìjọba?

Rachidou: Dókítà ni.

Bàbá Élodie: Ayọ̀bámi ni! Èmi ni mo kọ́ ọ. Lọ́jọ́ kan mò ń kọ́ wọn ní ìpín. Mo mú ọsàn kan jáde, mo pè é síwájú kíláàsì, mo fún un lọ́bẹ, mo ní “Ayọ̀bámi, pín ọsàn yìí sí mẹ́rin ọgbọọgba.” Ṣé o mọ ohun tó ṣe?

Rachidou: Ó pín in sí mẹ́ta.

Bàbá Élodie: Ó jẹ ẹ́! Níṣojú gbogbo kíláàsì. Ó jẹ ọsàn, ó pọ́n ọ̀bẹ lá. Ẹni tí kò lè pín ọsàn, òun ni ìjọba gbé ọ̀bẹ lé lọ́wọ́ pé kó wá pín ikùn mi?

Rachidou: Bàbá, ebi ló ń pa ọmọ nígbà yẹn.

Bàbá Élodie: Mo nà án. Mo nà án dáadáa. Kò sunkún. Ó kàn wò mí báyìí, ó ní...

Rachidou: Ó ní kí ni?

Bàbá Élodie: Kò sọ nǹkan kan. Ìyẹn ló burú. Ẹni tó bá sunkún ti gbàgbé. Ẹni tí kò sunkún ṣì ń dúró dè ọ́.

Rachidou: Ṣé ó ti bá yín pàdé láti ìgbà yẹn?

Bàbá Élodie: Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ní Houinmè. Ó dá mọ́tò dúró, ó sọ̀kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku pẹ̀lú aṣọ funfun. Ẹ̀rù bà mí! Ó dìde, ó wo ìrìn mi, ó ní “Músé, olùkọ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá rí mi.” Mo ní ìjọba kò lẹ́tọ̀ọ́ láti rí mi.

Rachidou: Èèyàn tó dọ̀bálẹ̀ fún yín nínú eruku!

Bàbá Élodie: Nígbà tí mo nà án, ó wọ ṣòkòtò, Rachidou. Ṣé o fẹ́ kí n wá dùbúlẹ̀ níwájú ẹ̀ láìwọ̀ ọ́?

(Rachidou bú sẹ́rìn-ín, ó gbìyànjú láti gbé e mì, kò ṣeé ṣe.)

Rachidou: Gbogbo ariwo ìjọba, ìjọba yìí, láti bíi ọdún kan, kì í ṣe ìjọba lẹ̀ ń sá fún. Ọsàn ni!

Bàbá Élodie: Ìjọba náà kò dára!

Rachidou: Mo gbà. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́ dókítà náà?

Bàbá Élodie: Èmi.

Rachidou: Ṣé ẹ kọ́ ọ dáadáa?

(Ìbéèrè yìí le. Bí olùkọ́ bá ní rárá, ó ba ara rẹ̀ lórúkọ jẹ́. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ó di dandan kó dùbúlẹ̀. Bàbá Élodie rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Ìgbéraga borí.)

Bàbá Élodie: Kò sí olùkọ́ tó kọ́ ọmọ jù mí lọ ní Porto-Novo.

Rachidou: Ẹ jẹ́ ká lọ nígbà náà.

Bàbá Élodie: Báyìí? Kò sí bí mo ṣe lè gun zẹ́mìjàn.

Rachidou: Màá wá ọkọ̀ tí yóò rọra gbé yín. Èmi náà á bá yín lọ, màá jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí wọn yóò fi ṣe tán. Bàbá, mo fẹ́ràn yín. Bí ẹ ò bá sí, ta ni yóò máa wá bá mi jiyàn láràárọ̀? Alájì? Alájì máa ń gbà fún mi kí n tó sọ̀rọ̀ tán.

(Bàbá Élodie fa eteetí agbádá nu ojú. Ó ní eruku ni. Eruku kankan kò fẹ́ níbẹ̀.)

Bàbá Élodie: A ó kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀. Màá sì sọ èrò mi fún wọn nípa kòtò yẹn.

Rachidou: Ẹ sọ ọ́ fún wọn. Ẹ rọra dìde. Ó yá, ẹ dúró gẹ́gẹ́.

(Ó fa okùn ìwọ̀n ọrùn rẹ̀ yọ, ó kúnlẹ̀ ẹsẹ̀ kan.)

Bàbá Élodie: Kí lo tún ń wọ̀n? O ní o ò tú u.

Rachidou: Mi ò tú ògbólógbòó yẹn. Tuntun ni mo fẹ́ rán, èyí tí ẹ ó wọ̀ bọ̀ wálé láti ilé ìwòsàn. Kí ojú má tì yín mọ́, kí Ìyá Élodie rí yín kó tún yín wò. Ẹsẹ̀ á balẹ̀ dáadáa. Ìbàdí, bó ṣe wà. Àárín iwájú náà, màá jẹ́ kó mọ́ra pẹ́ẹ́, bíi ti ọkọ ìyàwó.

(Bàbá Élodie rẹ́rìn-ín. Ó dúró ṣinṣin, ó na àyà síta, ó ń wo ara rẹ̀ nínú dígí ìsọ̀ bí ẹni tó ti wọ ṣòkòtò náà. Lẹ́yìn náà ó tẹ̀ síwájú, ó fi ọwọ́ kan èjìká Rachidou, ó sì sọ̀rọ̀ sí i létí.)

Bàbá Élodie: Fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ o. Iṣẹ́ ìjọba ni, wọ́n lè má parí ẹ̀.